Ẹ̀yìn Ni Ìyá Ràájí Rí

Lọ́jọ́ tí a sin ìyá bàbá mi ní Ìgbó-Ọrà, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí fọwọ́ kàn mí léjìká nínú àgbàlá. Ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, Tíṣà. Ọlọ́run á tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣebí àwọn ni màmá tó sọ ní kóòtù pé Múfú kọ́ ló pa ọmọ yẹn?"

Mo ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀, mo sì dákẹ́ lórí ìbéèrè rẹ̀, nítorí ọjọ́ ìsìnkú kì í ṣe ọjọ́ ìjiyàn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà. Mo ti gbọ́ ọ ní gáréèjì Èrúwà níbi tí mo ń gbé, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìbátan wa pàápàá, bákan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ ọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sì rọrùn fún mi láti rí àṣìṣe kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà mo fẹ́ sọ irú ènìyàn tí ìyá yìí jẹ́, kí n sì sọ ohun tí ó sọ gan-an.

Sàfúrátù ni orúkọ rẹ̀, Ìyá Ràájí ni àdúgbò ń pè é. Ràájí ni bàbá mi, àkọ́bí rẹ̀, tí ó ti ṣaájú rẹ̀ lọ. Ràbíátù, àǹtí mi, ni ó tẹ̀lé e. Kàmọ́rù tí wọ́n pa, ọmọ ìkẹyìn Ràbíátù ni. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí yìí gan-an ni àwọn ará ìta sábà máa ń fò kọjá: ọmọ ọmọ Ìyá Ràájí ni wọ́n pa. Kì í ṣe ọmọ ẹlòmíràn.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà mo tètè mọ ìwà rẹ̀ kan tí ó máa ń bí àwọn ènìyàn nínú. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú òun ṣe ẹlẹ́rìí ohun tí ojú náà kò rí. Ní ọdún kan, ààwẹ̀ ń parí lọ, gbogbo agboolé jáde ní ìrọ̀lẹ́ láti wá oṣù. Kùrukùru bo ojú ọ̀run. Ẹnì kan ṣáà kígbe pé, "Oṣù rèé o!" Kíá ni àtọmọdé àtàgbà ti ń nàka sókè, tí oníkálukú ń fi oṣù han ẹnìkejì rẹ̀. Lèmọ́mù kéde pé ọ̀la ni ọdún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Ràájí wọ aṣọ tuntun, ó lọ sí yídì, ó dé, ó sì jókòó ti oúnjẹ rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ò rí nǹkan kan lánàá, ẹ̀yin náà ti wá rí oṣù lónìí?"

Ó gbé òkèlè mì. Ó ní, "Lèmọ́mù ló rí i, ìyẹn sì tó mi í jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé Sàfúrátù rí oṣù."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jà jù ni Ìyá Sàúdá. Inú àáró àwọn obìnrin oníbàrà ni wọ́n ti mọ ara wọn. Bí bàrà bá gbó lóko, a ó kó o jọ, a ó là á, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó rà. Lẹ́yìn náà ni a ó wá kó o lọ sí odò láti fọ ẹ̀gúsí inú rẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ òórùn bàrà tó ti rà yóò mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ àdáṣe. Nítorí náà ni àwọn obìnrin ṣe ń ṣe é ní àáró: lónìí gbogbo wa á fọ bàrà tèmi, lọ́la gbogbo wa á fọ bàrà tìrẹ. Ìyá Ràájí kì í gbà pé ẹ̀gúsí mọ́ títí tí omi tí ó ń ṣàn lára rẹ̀ yóò fi dà bí èyí tí a lè mu.

Ìyá Sàúdá a ní, "Ìyá Ràájí, ẹ̀gúsí yìí ti mọ́ o! Àbí ẹ fẹ́ gbé e níyàwó ni?"

"Ìdọ̀tí ṣì wà lára rẹ̀."

"Ìdọ̀tí wo? Ojú yín ló ń ṣe bàìbàì."

"Ojú mi ń ṣe bàìbàì, ó rí ìdọ̀tí. Tìẹ mọ́lẹ̀ kedere, kò rí nǹkan kan."

"Háà! Ọkọ tó fẹ́ yín, ó jìyà."

"Mo yẹ òun náà wò dáadáa kí n tó gbà á."

Gbogbo odò á bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Sàúdá á bu omi bàrà dà sí i lára, òun náà á dà á padà, àwa ọmọdé á sì sá sẹ́yìn nítorí òórùn. Nígbà tí mo dàgbà, mo bi í léèrè ìdí tí ó fi ń bá ẹni tí ó fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ jà. Ó ní, "Ẹni tí mi ò bá fẹ́ràn, mo máa ń gbà fún un kíá kí ó lè máa lọ."

Kàmọ́rù ni ayọ̀ ọjọ́ ogbó rẹ̀. Oko ni ó ń ro, ó sì ní ọ̀kadà kan tí ó fi ń gbé ìyá rẹ̀ àgbà lọ sí oko ní ọ̀nà Ìdèrè, nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá kò fẹ́ lè rin ọ̀nà náà mọ́. Bí wọ́n bá ń bọ̀, ohùn wọn la ó kọ́kọ́ gbọ́.

"Kàmọ́rù, rọra! Ọ̀run ò sá lọ síbì kankan!"

"Ìyá Àgbà, bí ẹ bá ń pariwo, màá sọ̀ yín kalẹ̀ sí Ìdèrè kí ẹ lọ fẹ́ ọkọ."

"Wọn ò ní gbà mí. Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀."

Lẹ́yìn ikú Kàmọ́rù, Ìyá Ràájí kò tún gun ọ̀kadà ẹnikẹ́ni mọ́. Ọmọ àdúgbò kan dúró fún un lójú ọ̀nà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun gbé e, pé òun kò ní gba nǹkan kan. Ó dúpẹ́, ó ń rìn lọ. Ó ní, "Ẹni tí mo máa ń dì mú kò sí mọ́."

Mo sọ ìyẹn nítorí àwọn tó ní kò fẹ́ràn ọmọ náà tó.

Ó yẹ kí n wá sọ bí ọ̀ràn náà ṣe ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ àáró ni, àwọn ọkùnrin ń kọ ebè ní oko wa, àwọn obìnrin sì ń fọ bàrà ní odò tó wà nísàlẹ̀ oko. Ahéré kan wà níbẹ̀ tí a ta okùn sí inú rẹ̀, orí okùn náà ni wọ́n máa ń fi ẹ̀wù iṣẹ́ sí. Bí ènìyàn bá dé fún àáró, yóò bọ́ aṣọ rere, yóò mú ẹ̀wù kan lórí okùn, yóò sì bọ́ sínú iṣẹ́. Ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí ó mú un wá síbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àáró kò sí ẹni tó ń bèèrè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé yóò mú èyí tí kò ya púpọ̀, ẹni tó bá kẹ́yìn yóò mú èyí tó kù. Kò sí ẹni tó ti bá wa ro oko náà rí tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀wù náà jẹ́ aláwọ̀ búlúù, tí a lẹ aṣọ funfun mọ́ léjìká. Ẹ̀wù Múfú ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí ìyá Múfú ló lẹ̀ ẹ́. Múfú jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí oko bàbá rẹ̀ bá tiwa pààlà. Òun àti Kàmọ́rù ti jà lórí ààlà náà, ó sì ti sọ níwájú ènìyàn pé Kàmọ́rù yóò rí òun. N kò ní fi ìyẹn pamọ́. Síbẹ̀, ó wà lára àwọn tó wá kọ ebè fún àáró lọ́jọ́ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn ọkùnrin ti fọ́n ká láti sinmi, Ìyá Ràájí gòkè láti odò lọ mú agbọ̀n ní ahéré. Ó gbọ́ igbe kan ṣoṣo. Nígbà tí ó yọ sí ojú ọ̀nà, ó rí ọkùnrin kan tí ó wọ ẹ̀wù búlúù alẹ̀mọ́ funfun yẹn, tí ó ń sá wọ inú ẹ̀gẹ́ lọ. Kàmọ́rù wà nílẹ̀, àdá ti ṣá a lọ́rùn. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí ọmọ náà lé itan. Àwọn obìnrin méjì tó ń bọ̀ láti odò rí ẹ̀wù náà lókèèrè, wọ́n figbe ta: "Múfú ni! Múfú ti pa á o!" Wọn kò tíì gbé Kàmọ́rù dé ọsibítù tí ó fi kú. Wọ́n mú Múfú lójú ọ̀nà ilé, aṣọ rere rẹ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Inú ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ti rí ẹ̀wù búlúù, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Múfú búra pé ẹ̀wù mìíràn ni òun wọ̀ lọ́jọ́ náà. Nínú gbogbo àwọn tó kọ ebè, kò sí ẹni tó lè rántí ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ wọ̀.

Ọlọ́pàá béèrè lọ́wọ́ ìyá mi àgbà pé, "Màmá, ta lẹ rí?" Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣì wà lára ìró rẹ̀ nígbà náà. Ó ní, "Ẹ̀wù Múfú ni mo rí. Ẹni tó wà nínú ẹ̀wù, mi ò mọ̀ ọ́n."

Kí ẹjọ́ tó dé kóòtù, olórí ẹbí pè wá jọ. Àǹtí mi Ràbí wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Màámi, ọmọ mi ló kú."

"Ọmọ tèmi náà ni, Ràbí."

"Ẹ ṣáà sọ pé ẹ rí i. Ta ló tún lè jẹ́?"

"Bí mo bá rí i, ta ni ì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀ mí? Láti oko ni mo ti máa pariwo orúkọ rẹ̀ dé ilé."

"Gbogbo wa la mọ̀ pé òun ni!"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Èmi ò rí i."

Olórí ẹbí, tí kì í ṣe ẹni tí ń yára sọ̀rọ̀, ní kí Ìyá Ràájí rántí pé bí ó bá sọ báyìí ní kóòtù, ọmọkùnrin náà lè bọ́. Àǹtí mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá mi àgbà wá ní, "Bí mo bá sọ òmíràn, wọ́n lè tìtorí ẹ̀ so ó kọ́. Èwo nínú méjèèjì lẹ fẹ́ kí n gbé dé iwájú Ọlọ́run?"

Àǹtí mi dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó sì jáde.

Ìjọba ló pè é ní ẹlẹ́rìí, láti ti Múfú mọ́lẹ̀. Èmi ni mo mú un lọ sí kóòtù. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà, ẹlẹ́rìí tí kò tíì sọ̀rọ̀ kò gbọ́dọ̀ jókòó sínú kóòtù gbọ́ ẹlẹ́rìí mìíràn, nítorí náà àǹtí mi, tí yóò sọ̀rọ̀ nípa ìjà ààlà, wà lórí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Kò gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Àwọn obìnrin méjì yẹn ti sọ̀rọ̀ ṣáájú, wọ́n ti ní Múfú ni àwọn rí. Ìyá mi àgbà fi Àlùkùránì búra. Agbẹjọ́rò ìjọba, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, bi í pé ta ni ó rí tó ń sá lọ.

"Ọkùnrin kan ni."

"Màmá, ṣé ọkùnrin náà wà nínú kóòtù yìí?"

Ó wo Múfú nínú àpótí. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Mi ò mọ̀."

Ariwo ta. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́. Agbẹjọ́rò Múfú dìde pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, ó ní, "Nítorí náà, màmá, ohun tẹ́ ẹ ń sọ fún kóòtù ni pé Múfútáù kọ́ lẹ rí."

Ìyá mi àgbà yíjú sí i, ó sì wò ó bí mo ti máa ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dáhùn kí n tó bi í. "Rárá o. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo rí, mi ò rí ojú. Ó lè jẹ́ òun. Ó lè má jẹ́ òun. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ẹ má fi kún un."

Lẹ́yìn náà ni agbẹjọ́rò náà bi í nípa ẹ̀wù. Ó ṣàlàyé okùn inú ahéré bí mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ó nawọ́ sí ibi tí àwọn ará àáró jókòó sí, ó ní, "Àwọn náà mọ̀. Ẹ bi wọ́n." Gbogbo wọn tẹrí ba.

Nígbà tí ìdájọ́ dé, ó ti pẹ́ gan-an. Adájọ́ kà á títí ó fi rẹ ènìyàn, ṣùgbọ́n ohun tó sọ kò ju pé ẹ̀wù nìkan kò tó láti fi dá ẹ̀mí ènìyàn lẹ́bi, pé iyèméjì wà, àti pé ẹni tí iyèméjì bá wà lórí ọ̀ràn rẹ̀, òfin ní kí a tú u sílẹ̀. Kò sọ pé Múfú kò pa á. Ó ní àwọn tó ní ó pa á kò fi hàn tó. Ìyàtọ̀ wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò sí ẹni tó ráyè ìyàtọ̀.

"Wọ́n ti ra adájọ́!" ni wọ́n ń ké níwájú kóòtù. Kí a tó dé Ìgbó-Ọrà, àwọn ọ̀dọ́ ti já ewé, wọ́n ti sun táyà sójú títì, wọ́n sì ti wó ilé tí ìyá Múfú ti ń yan gàrí. Múfú fúnra rẹ̀ kò wọ ìlú. Títí di òní n kò gbọ́ pé ó wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sórí rédíò. Mo jókòó ti Ìyá Ràájí, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ọkùnrin kan pè láti Tápà, ó ní ìyá arúgbó kan ló jẹ́ kí wọ́n tú apànìyàn sílẹ̀, kí ìyá náà wá sọ ohun tí wọ́n fún un. Ẹlòmíràn pè láti Igangan, ó ní, "Olóòtú, kí lẹ fẹ́ kí ìyá arúgbó rí? Ojú tó ti lọ! Ilé ló yẹ kí wọ́n fi í sí." Ìyá Ràájí ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lọ. Ẹnì kẹta wá pè, ó ń fi ohùn rara yìn ín pé akọni ìyá ni, pé ó dúró níwájú adájọ́, ó sì sọ láìbẹ̀rù pé Múfú kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Pa nǹkan yẹn," ló wí. "Nínú gbogbo wọn, ẹni tó ń yìn mí yìí ló purọ́ mọ́ mi jù."

Ìyá Múfú wá. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nítorí àwọn ènìyàn, ó gbé abọ́ gàrí kan dání, ó kúnlẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń dúpẹ́. Mo rò pé Ìyá Ràájí yóò fà á dìde. Kò fà á dìde. Ó ní, "Gbé gàrí rẹ. Kì í ṣe nítorí ọmọ rẹ. Ká ní mo rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni, èmi gan-an ni mo máa so okùn mọ́ ọn lọ́rùn."

Àáró kò lé e jáde. Kò sí ẹni tó pè é jókòó bá a sọ ọ́. Nígbà tó kan bàrà tirẹ̀ ni kò rí ẹnikẹ́ni. Ó ti là á, ó ti rà, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo ìsàlẹ̀ oko. Mo ti Èrúwà wá ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì kì í ṣe àáró, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló bàjẹ́. A wà nínú omi nígbà tí Ìyá Sàúdá ń kọjá lọ pẹ̀lú ẹrù igi lórí. Ó dúró díẹ̀. Mo rò pé yóò sọ ẹrù kalẹ̀.

Ó ní, "Òótọ́ dé ọjà, ó kùtà, Ìyá Ràájí."

Ìyá mi àgbà kò gbójú sókè. Ó ní, "Mi ò gbé e wá tà."

Ìyá Sàúdá tún ẹrù rẹ̀ ṣe lórí, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Wọn kò tún jà mọ́ láti ọjọ́ náà, èyí tí ó dùn mí ju ìjà lọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, Ìyá Ràájí lè gbé e. Ti Ràbí ni kò lè gbé. Ilé àǹtí mi kò jìnnà sí tirẹ̀, ẹni tó bá wà ní ẹnu ọ̀nà ọ̀kan lè pe ẹni tó wà ní èkejì. Lọ́jọ́ ìdájọ́, ojú títì ni àǹtí mi ti kọjú sí ìyá rẹ̀ lójú gbogbo ayé.

"Wọ́n ti sọ ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi. Ẹ ní kì í ṣe òun. A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, Màámi."

"Ìyá àti ọmọ kì í ṣe ọ̀rẹ́, Ràbí."

Àǹtí mi wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ yẹn, bí Ìyá Ràájí bá ti kírun àsùbáà tán, yóò mú ọ̀pá rẹ̀, yóò lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ọmọ rẹ̀. "Ràbí, o jí dáadáa bí? Ara ń kọ́? Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ o." Yóò dúró díẹ̀. Kò sí ìdáhùn. Yóò padà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe nígbà òjò, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe nígbà ọyẹ́.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé fún Àǹtí. Ohun tí wọ́n gbọ́ kọ́ lẹ sọ. Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn kí ẹ sọ ọ́, wọ́n á gbọ́ yín."

Ó mi orí. "A kì í gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rojọ́, Àjọkẹ́. Ìgbà tó bá ṣí i, ojú á kojú, n ó sọ ọ́ fún un."

Mo gbìyànjú lọ́dọ̀ àǹtí mi náà. Mo pàdé rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ kan, n kò tíì sọ ju "Àǹtí, ní kóòtù lọ́jọ́ yẹn" lọ tí ó fi nawọ́ dá mi dúró. Ó ní, "Àjọkẹ́, bí o bá ṣì fẹ́ máa jẹ́ ọmọ fún mi, má mú kóòtù wọ inú ọ̀rọ̀ wa." N kò lè bá a fà á, àgbà mi ni.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ìyá mi àgbà kò gbé e dé ọ̀hún mọ́. Ó wá ń ti orí ibùsùn kí i, ó ń kọjú sí apá ibi tí ilé náà wà. Mo sọ fún un pé ohùn rẹ̀ kò lè dé ọ̀hún. Ó ní, "Mo mọ̀. Kí ó má jẹ́ èmi ni mo kọ́kọ́ dákẹ́."

Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbàgbé láti mí. Bí a ti ń ṣe, ọjọ́ náà ni a ó sin ín, àwọn obìnrin ni yóò sì wẹ̀ ẹ́. Omi ti wà nínú iyàrá, mo ti gbé igbá dání, nígbà tí àǹtí mi wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ṣán ìró rẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi. "Gbé e fún mi."

Ó wẹ̀ ẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀. Ó rọra ṣí ọwọ́ rẹ̀ tó ti ká kò, ó wẹ àárín ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí ní, "Ràbí, o ṣe é o. Ọlọ́run á san án fún ọ. Ìdáríjì dára."

"Ẹ má yìn mí," ni àǹtí mi wí. "Mi ò tíì dárí jì wọ́n. Ìyá mi ni wọ́n. Ta ni kó wẹ̀ wọ́n?"

Wọ́n wọ aṣọ funfun fún un tán, àwọn ìyá yòókù jáde lọ pe àwọn ọkùnrin. Ó ku àwa méjì pẹ̀lú rẹ̀. Àǹtí mi ń fún omi kúrò lára ìró rẹ̀. Kò wò mí.

"Àjọkẹ́. Ìwọ wà nínú kóòtù lọ́jọ́ yẹn."

"Mo wà níbẹ̀, Àǹtí."

"Wọ́n ní Màámi sọ pé kì í ṣe Múfú."

"Ìyá Àgbà ò sọ bẹ́ẹ̀."

Mo sọ ọ́ fún un bí ó ti rí, ìbéèrè àti ìdáhùn. N kò fi kún un, n kò yọ nínú rẹ̀. Ó fún apá kan náà lára ìró rẹ̀, ó tún fún un, bẹ́ẹ̀ ni omi ti tán níbẹ̀.

"Wọ́n ní ó lè jẹ́ òun?"

"Wọ́n ní ó lè jẹ́ òun. Wọ́n ní ó lè má jẹ́ òun."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. A ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin tó ń bọ̀ nínú àgbàlá.

"Kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ fún mi?"

"Ẹ ò ṣílẹ̀kùn, Àǹtí."

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni mo máa ń jókòó sí," ló wí. "Kí Màámi tó dé ni mo ti máa ń wà níbẹ̀. Mò ń retí kí wọ́n sọ ọ́. Lójoojúmọ́, kíkí ni wọ́n ń kí mi."